Green tea fún irorẹ́ ojú àti fún mímu: báwo ni kí n ṣe é?

Olùbéèrè, Kàbà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Green tea ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Ojú mi máa ń yọ òróró bó bá ti di ọ̀sán, irorẹ́ wà níwájú orí àti ní àgbọ̀n, èyí tó bá sì san máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀. Wọ́n ní kí n se àpò tíì mẹ́ta pọ̀, kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí n bu báékín sódà ṣíbí kan lé e, kí n máa fi pa ojú láràárọ̀. Wọ́n tún ní kí èmi àti ìyá mi máa mu ún ní kété tí a bá jẹun tán, pé á yọ́ ọ̀rá inú. Ìyá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ewé tíì ẹ̀yìn ilé wa ńkọ́, ṣé òun náà ni?

Àgbẹ̀, Ògìdì
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ewé náà. Ewé tíì ẹ̀yìn ilé, kóríko ọba ni. Ó ń ta sánsán, ó dára láti mu, àmọ́ kò sí kaféènì (èròjà tó ń lé oorun lọ) nínú rẹ̀, kò sì bá green tea tan. (Ohun gbígbóná gbogbo la kúkú ń pè ní tíì, títí kan Milo.) Camellia sinensis ni igi green tea, igi kan náà tí tíì dúdú ti ń wá. Bí wọ́n bá ti já ewé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe green tea, kíá ni wọ́n á fi iná tàbí ooru omi kàn án kó má baà ṣú. Ti tíì dúdú, wọ́n á fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ pa á láwọ̀ dà kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Orí òkè Mambila ní ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti ń gbin tíì ní Nàìjíríà, torí pé ibẹ̀ tutù. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, kọfí àti kaṣú ló mọ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ, Ìyàrà
Àbúrò, a kì í se green tea lórí iná bí àgbo. Omi tó ń hó yaya máa ń fa táníìnì, èròjà tó ń mú tíì korò, jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á korò, á sì máa há ahọ́n bí èso kaṣú tí kò tíì pọ́n. Omi ìwọ̀n 80°C ló fẹ́. Bí kò bá sí ohun ìwọ̀n ooru nílé, bu omi híhó ife mẹ́ta, da omi lásán ife kan mọ́ ọn, ó ti súnmọ́ ọn nìyẹn. Àpò kan, bíi gíráàmù 2, fún omi 200 ml. Dé e fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, yọ àpò náà, má fún un.

Wo àwọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kó dà bí ìyeyè tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára. Bó bá pọ́n bíi tíì tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, yálà ó pẹ́ jù nínú omi tàbí ewé náà ti gbó. Èyí tó ṣì dára máa ń rùn bíi koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, èyí tó ti gbó máa ń rùn bíi páálí. Inú agolo tó dé dáadáa ni kó wà, má sì gbé e sẹ́bàá irú tàbí ata gbígbẹ, kíá ló máa ń gba òórùn ẹlòmíràn.

Ti ọ̀rá inú, ìwọ̀nba tó ń dín kù kò tó ohun tí èèyàn á rí lára ìgbànú. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń dín kọlẹ́sítéróòlù burúkú kù díẹ̀. Bó bá sì rọ́pò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó kún fún ṣúgà, ìyẹn gan-an ni èrè tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Olùtọ́jú awọ ara, Ìsánlú
Dá ọsàn wẹ́wẹ́ àti báékín sódà padà sílé ìdáná, mo bẹ̀ ọ́. Awọ ojú ní ìkan díẹ̀, bíi pH 5 (pH ni ìwọ̀n ìkan, bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó), ìkan yẹn ló sì ń dáàbò bò ó. Báékín sódà ju pH 8 lọ, ńṣe ló ń bó ààbò náà kúrò. Ọsàn wẹ́wẹ́ tún burú jù ú lọ: bí oòrùn bá pa awọ tí oje rẹ̀ wà lára rẹ̀, ibẹ̀ lè jó, kó lé roro, kó sì dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá dúdú tí o ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ará Kàbà kan
Ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń mú ojú mọ́ o. Bó bá jẹ́ alẹ́ ló fi pa á ńkọ́?

Olùtọ́jú awọ ara, Ìsánlú
Alẹ́ kò yí i padà. pH rẹ̀ súnmọ́ 2, yóò ta ojú tó ti ní egbò irorẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́kù lára awọ ṣì ń dúró de oòrùn àárọ̀. Green tea nìkan ti tó.

Àpò kan nínú omi 100 ml, ìṣẹ́jú 5. Jẹ́ kó tutù pátá. Kọ́kọ́ kán an sí ìtẹ̀pá ìgbọ̀nwọ́, dúró wákàtí 24. Bí kò bá yún ọ tàbí kó pọ́n, ó di ojú. Fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú, rẹ òwú sínú omi tíì náà, fi tẹ ojú jẹ́jẹ́ láìfi ha á. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, fi omi ṣàn án, kí o sì fi ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ lé e kí awọ tó gbẹ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, dín in sí ẹ̀ẹ̀kan, torí táníìnì máa ń fún awọ pọ̀, ojú á máa họ. Òrí dára fún ẹsẹ̀ àti apá, àmọ́ má fi sójú tó ti ń yọ òróró tẹ́lẹ̀.

Èròjà tí wọ́n ń pè ní EGCG ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ó ń dín òróró kù, ó sì ń mú kí wíwú irorẹ́ rọ̀. Fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí irorẹ́ bá tóbi, tó jinlẹ̀, tó ń dunni, ilé ìwòsàn ló kàn. Àpá dúdú kì í tètè lọ. Fìlà, ibòji àti ìpara adènà oòrùn ló ń ràn án lọ́wọ́ jù. Má sì tẹ irorẹ́. Green tea kì í bóra, nítorí náà bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ìpara tó ń sọ èèyàn di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí hydroquinone, mẹ́kúrì tàbí sítẹ́rọ́ọ̀dù, àwọn èròjà tó lè ba awọ jẹ́, wà nínú rẹ̀.

Apòògùn, Kàbà
Ti ìyá ni kí n sọ. Táníìnì àti EGCG máa ń di áyọ̀ọ̀nù (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mú, ara kò ní rí i gbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò gbọ́dọ̀ mu ún mọ́ oúnjẹ. Kí ìyá dúró ó kéré tán wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n sì fi wákàtí méjì sáàárín tíì náà àti oògùn áyọ̀ọ̀nù tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀. Títí ẹ̀jẹ̀ wọn á fi padà bọ̀ sípò, ife kan lójúmọ́ ti tó. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀ pátápátá, kò sí ohun tí wọ́n pàdánù.

Ka orúkọ tó wà lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bó bá jẹ́ nadolol, kí wọ́n má mu green tea rárá, torí kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara tó. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìwọ, ife 2 sí 3 lójúmọ́, má mu ún ní òfìfo inú bí inú bá máa ń ta ọ́. Ife kan ní kaféènì bíi 30 mg, nítorí náà má mu ún lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí o bá fẹ́ sùn dáadáa. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ ju 200 mg lọ lójúmọ́, kọfí àti obì sì wà nínú ìṣirò yẹn.

Olùbéèrè, Kàbà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tún ń ta kápúsù rẹ̀, àti èyí tí wọ́n kọ "slimming" sí lára. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà?

Apòògùn, Kàbà
Rárá o. Kápúsù máa ń kó EGCG púpọ̀ jọ sójú kan. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé 800 mg rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ láti inú irú oògùn afikún bẹ́ẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀ níbi. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ṣú lẹ́yìn tó lò ó, kó dá a dúró, kó sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ti "slimming", ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá rí senna níbẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi inú ara ló ń dín kù, kì í ṣe ọ̀rá, ìgbẹ́ gbuuru ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì léwu fún ọkàn ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí o tó sanwó.

Olùbéèrè, Kàbà
Ìbéèrè ìkẹyìn: iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ṣé mo lè po omi tíì tí mo fẹ́ fi pa ojú sínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ kan?

Olùtọ́jú awọ ara, Ìsánlú
Má ṣe bẹ́ẹ̀. Láìsí fíríìjì, ọjọ́ tí o pò ó náà ni kí o lò ó tán. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ méjì. Bó bá ti ṣú, tó ń yọ̀, tàbí tí ohun funfun léfòó lójú rẹ̀, dà á nù. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé, nígbà tí o bá ń po èyí tí o fẹ́ mu lọ́sàn-án, kí o bu ṣíbí mẹ́ta sọ́tọ̀ sínú ife mímọ́ kí o tó fi oyin sí i, kí o dé e. Ìyẹn á tó òwú méjì fún ojú lálẹ́ ọjọ́ náà.