Pàjáwìrì dé lóru, HMO ò tíì fún wọn ní kóòdù: ṣé ilé ìwòsàn lè ní ká dúró?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. NHIA, ìyẹn àjọ ìbánigbófò ìlera, ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń béèrè. Ká ní Ìbàdàn ni ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì ẹni wà, tí àìsàn òjijì wá ki onítọ̀hún mọ́lẹ̀ l'Ékòó, ṣé ibi tó bá sún mọ́ ọn lè tọ́jú rẹ̀? Bí wọ́n bá ní àfi kí HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá wa san owó ìtọ́jú lábẹ́ ètò náà, fún àwọn ní kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà ìyọ̀ǹda ìtọ́jú, tàbí ká san dìpósíìtì ná, kí la máa ṣe?

Akọ̀wé Bíìlì:
Ilé ìwòsàn orí káàdì yín ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, ẹ ṣàìsàn o, ẹ ò ṣàìsàn o. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú kéékèèké níbẹ̀ kò fi nílò kóòdù. Ilé ìwòsàn mìíràn kò gba kọ́bọ̀ lórí yín. Bíìlì ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí HMO, èyí tí kò bá sì ní kóòdù, HMO á dá a padà. Ẹ̀rù owó yẹn ló ń bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn, kì í ṣe ti aláìsàn. Abala 20 nínú National Health Act ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí pàjáwìrì dé bá, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ni ti ẹni tó bá kọ̀. Bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀ kí kóòdù tó dé, kí wọ́n fi tó HMO létí láàárín wákàtí 48.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má tíì dárúkọ HMO. Ohun tó ń ṣe aláìsàn ni kẹ́ ẹ sọ: "kò lè mí dáadáa", "gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì", "ẹ̀jẹ̀ ò dá". Kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹlòmíì máa pe HMO. Nọ́ńbà káàdì àti orúkọ ilé ìwòsàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá kan ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ gbé fóònù fún dókítà.

Ẹ kọ aago tí ẹ kọ́kọ́ pè sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó gbé e. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, wákàtí 1 péré ni NHIA fún HMO láti fi kóòdù ránṣẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú lọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí NHIA.

Fáìlì ló sì sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá kọ "ibà" lásán síbẹ̀, láìsí ìwọ̀n ara gbígbóná, ìfúnpá, bí ọkàn ṣe ń lù, ọ́síjìn ara àti aago, HMO á ní kì í ṣe pàjáwìrì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an. Dìpósíìtì ńkọ́?

Onírìsíìtì:
Òótọ́ lẹ̀yin tí ẹ ń ka òfin sọ, àmọ́ ₦100,000 kì í dẹ́rù ba ilé ìwòsàn tí HMO jẹ ní gbèsè. Bí aláìsàn bá ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀, tówó sì wà lọ́wọ́, ẹ san án, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì tó ní aago àti ohun tí wọ́n gbowó fún. Ẹjọ́ tí kò ní rìsíìtì, ọ́fíìsì NHIA ìpínlẹ̀ kò rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ìdá 10 nínú 100 owó oògùn, ẹ̀yin lẹ máa san án ṣá.

Ẹ yẹ orúkọ wò kí àìsàn tó dé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ lè má tíì dé ibi tuntun. Ọmọ tó bá sì ti pé ọdún 18 ti bọ́ kúrò lábẹ́ káàdì òbí.

Akọ̀wé Bíìlì:
Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Onírìsíìtì. Èyí tó kù: ẹni tí ìbọn bà kò nílò ìwé ọlọ́pàá kankan, òfin ọdún 2017 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Bí HMO bá sì ní kẹ́ ẹ gbé aláìsàn lọ síbòmíì, ẹ má gbéra àyàfi tí dókítà bá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ gbà á, tí ibi tí ẹ ń lọ sì ti sọ pé bẹ́ẹ̀dì wà. Nọ́ńbà áḿbúláǹsì l'Ékòó, 767 tàbí 112.