Ìyàwó ọ̀ṣìngín nínú oko tíì ní Kericho

Ìyá Ìbejì, Dundee

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ní ká sọ ìtàn ìgbéyàwó tó jìnnà sí tiwa, èmi ní ọ̀kan, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Ti màmá òyìnbó kan tí mo tọ́jú nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à alẹ́ ni. Màmá ti dolóògbé. Mi ò ní dárúkọ, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìdílé náà mọ̀.

Lóru ọjọ́ kan, màmá jí, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, "Lete maji moto!" Ohùn àṣẹ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe wọ́n ló dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni ọmọ wọn obìnrin ṣàlàyé fún mi pé èdè Swahili ni, pé kí n gbé omi gbígbóná wá ni wọ́n ń sọ. Ojú tì í gan-an. Ó ní nígbà tí màmá òun wà lọ́mọge, kò sí ẹni dúdú tó ń wọ yàrá wọn lálẹ́ àfi ọmọ ọ̀dọ̀. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo rántí ìwé tí mo kà ní Ìbàdàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n wá ẹlòmíì sí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí orí màmá bá pé, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹnu wọn sì dùn. Mo dúró.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n lọ sílé ọkọ lọ́dún 1955. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ nínú oko tíì ní Kericho, lápá ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, ibi ijó ni wọ́n ti pàdé nígbà tó wálé ìsinmi. Ẹ wá gbọ́ èyí: ọkùnrin náà kò lè gbéyàwó bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i! Òyìnbó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ tíì nígbà yẹn, àpọ́n ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ní sáà àkọ́kọ́, kó mọ iṣẹ́, kó gbọ́ èdè. A ní ìyàwó títọrọ lọ́wọ́ ẹbí le, tiwọn, ọ̀gá iṣẹ́ ni wọ́n ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá nìkan ló wọkọ̀ òkun. Wọ́n gba Suez Canal, wọ́n dúró ní Aden, wọ́n sọ̀ ní Mombasa. Rélùweè gbé wọn dé Nairobi, òmíràn tún gbé wọn gòkè lọ sí ibùdókọ̀ Lumbwa, tí wọ́n ń pè ní Kipkelion lónìí. Mọ́tò ló gbé wọn débi tó kù, nínú ẹrẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Kericho ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Bàbá kò sí níbẹ̀, ìyá kò sí níbẹ̀, àbúrò kankan kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ wọn, ọkùnrin tí wọn ò tíì rí rí títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, ló dì wọ́n lápá mú dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń rò lọ́kàn ni pé bàtà ọkùnrin náà ń dún.

Mo bi wọ́n pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní ewéko tútù láti ibi tí ojú rí títí dé ibi tí ojú kò rí, tí wọ́n gé lórí dọ́gba bíi kápẹ́ẹ̀tì. Kericho ga ju mítà 2,000 lọ, nítorí náà òtútù ibẹ̀ kò jìnnà sí ti Scotland lóru. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Yìnyín ibẹ̀ tún wá lókìkí, ọ̀kan ni nínú ibi tí yìnyín ti ń bọ́ jù lọ láyé. Tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, ọkọ wọn á dìde nídìí oúnjẹ láìsọ̀rọ̀, torí yìnyín lè fa ewé odidi oko ya ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìṣòro màmá bẹ̀rẹ̀ látinú ilé. Kúùkù ti wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹni tó ń fọṣọ wà ńbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà wà ńbẹ̀, ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé kí omi ìwẹ̀ lè gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, màmá wọ ilé ìdáná, tó wà lọ́tọ̀ sí ilé ńlá, wọ́n fẹ́ dín ẹyin fún ọkọ wọn. Kúùkù dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó rò pé wọ́n ti lé òun ni. Látọjọ́ náà, màmá ò dáná mọ́. Wọ́n fún wọn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn memsaab, ìyẹn ìyàwó òyìnbó, ní Swahili, màmá ní kò sí "ẹ ṣeun" nínú àwọn ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Gbé e wá, gbé e lọ, yára, ó ti tutù. Òun ló kù lórí ahọ́n wọn títí di ìgbà tí mo mọ̀ wọ́n.

Aago mẹ́fà ìdájí, ọkọ ti jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Á wálé jẹun, á tún lọ, á tún lọ wo ẹ̀rọ lóru torí ewé tí wọ́n bá já kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀: wọ́n á tẹ́ ẹ kó rọ, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó pọ́n, wọ́n á wá yan án. Màmá ní àwọn ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lórí ibùsùn, òórùn rẹ̀ dùn, wọ́n sì kórìíra rẹ̀.

Ibi ìgbafẹ́ kan ṣoṣo ni kílọ́ọ̀bù, tí aláwọ̀ dúdú kò lè wọ̀ àfi tó bá gbé àwo dání. Níbẹ̀, ipò ọkọ rẹ ni ipò rẹ. Ìyàwó igbákejì máníjà kì í jókòó kí ìyàwó máníjà tó jókòó, kì í sì í lọlé ṣáájú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún màmá pé ìyálé àti ìyàwó kékeré nìyẹn nínú agbo ilé. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ìyálé tiyín á fún yín níṣẹ́ ṣe."

Àkókò náà, ìjọba ti kéde òfin pàjáwìrì láti 1952 nítorí Mau Mau, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tó ń bá ìjọba òyìnbó jà. Kericho jìnnà sí ibi tí ìjà ti gbóná, síbẹ̀ ọkọ wọn ra ìbọn pélébé fún wọn, ó ní kí wọ́n máa fi agolo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Bí kúùkù bá ń gbé ọbẹ̀ wọlé lálẹ́, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síbí. Màmá ní ojú ń ti àwọn, àmọ́ wọn ò gbé e kúrò.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ tí iná jó ló pọ̀ jù, torí inú yàrá tí wọ́n ń sùn náà ni iná ìdáná wà. Wọ́n sọ fún ọkọ wọn, ọkọ sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní kí ìyàwó rẹ̀ má da òṣìṣẹ́ láàmú. Wọ́n ń lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ni màmá kì í lè sọ parí. Àkọ́bí wọn pé ọmọ ọdún méje, wọ́n kó o lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ní Scotland níbí. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n padà délé pátápátá lọ́dún 1963 kí Kẹ́ńyà tó gba òmìnira ní December, ọmọ náà sì ń pè wọ́n ní orúkọ bí àlejò. Màmá ò mọ ṣítóòfù tàn. Ìyá ọkọ wọn ló kọ́ wọn lóúnjẹ, ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Bọ̀dá Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi o, ṣé ká wá máa káàánú obìnrin tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́rin? Iṣẹ́ kò sí, ìbọn wà. Mo sin ìlú lókè Mambilla, ní Taraba, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì tiwa ní Kakara. Òtútù yẹn kì í ṣe eré. Àwọn ìyàwó kékeré ni mo ń rí láàárọ̀, ọmọ lẹ́yìn, ewé lọ́wọ́. Tiwọn ni kí ẹnìkan sọ.

Ìyá Ìbejì, Dundee

Bọ̀dá, mi ò ní kí ẹ káàánú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ.

Ìyàwó Kisii, Nairobi

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà níbi tí bọ̀dá já a sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ ẹ̀yà Gusii ní Kẹ́ńyà ni ọkọ mi, Kericho gan-an sì ni ìyá ọkọ mi ti ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín, lọ́dún 1960. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ẹ̀yà Kipsigis ni oko tíì yẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ìjọba gbà á, wọ́n fi ta àwọn ọ̀gágun tó fara gbọgbẹ́ lọ́rẹ pé kí wọ́n máa gbin ọ̀gbọ̀. Ọ̀gbọ̀ kò lówó lórí. Ní nǹkan bí ọdún 1924 sí 1925 ni Brooke Bond àti James Finlay, ilé iṣẹ́ òyìnbó méjì, wọ ibẹ̀ pẹ̀lú tíì. Lọ́dún 1934, wọ́n kó ìdílé Talai, tí wọ́n jẹ́ aṣáájú ẹ̀sìn fún Kipsigis, lọ sí Gwassi lẹ́bàá adágún Victoria, ibi ooru àti ibà. Àwọn ọmọ wọn ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn títí di báyìí. Aláwọ̀ dúdú kò sì láṣẹ láti gbin tíì tirẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950. Já a nìkan ni.

Màlúù ni bàbá ọkọ mi fi san owó orí ìyàwó, lẹ́yìn ìyẹn ló mú ìyàwó rẹ̀ lọ sínú oko. Yàrá róbótó kan ṣoṣo. Àbúrò ọkọ ń sùn sí ìhín, tọkọtaya ń sùn sí ọ̀hún, iná láàárín, èéfín lójú gbogbo wọn. Ìyá ọkọ mi ní ìtìjú alẹ́ yẹn le ju iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Ìdájí, ìrì ṣì wà lórí ewé, wọ́n á so àpò mọ́ ìdí kí aṣọ má baà rin, àmọ́ ó ń rin. Apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ewé méjì àti ọ̀mùnú, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tí nyapara, ìyẹn alábòójútó, bá rí ewé kẹta, á dà á sílẹ̀. Oje ewé á sọ ìka di dúdú, á sán, ọṣẹ kò ràn án. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí ìyá wọn nílé, ìyá di ọwọ́ náà mú, ó bi wọ́n pé, "Ṣé èédú lo fẹ́?"

Nírọ̀lẹ́, karani, ìyẹn akọ̀wé, á gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n. Á yọ nínú ìwọ̀n fún apẹ̀rẹ̀, á tún yọ fún omi ara ewé, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, àmọ́ èjìká wọn mọ ohun tí wọ́n gbé. Orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé, ọkọ ló ń gba owó àwọn méjèèjì. Wọ́n bá lọ gbin managu, ìbátan odú tiwa, sẹ́yìn ilé. Wọ́n ń tà á fún àwọn àpọ́n lọ́jọ́ Sunday. Owó ẹ̀fọ́ di ewúrẹ́, ewúrẹ́ bí, ọkọ kò mọ iye rẹ̀ torí ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sìn ín sí. Ọmọ méjì ni wọ́n bí nínú yàrá yẹn. Èyí àkọ́kọ́ ṣubú síná, ó yè é, àpá wà lápá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni.

Wọ́n dá KTDA, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ tíì, sílẹ̀ lọ́dún 1964 fún àwọn àgbẹ̀ tíì kéékèèké. Ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ni ìyá ọkọ mi tà ra ọ̀gbìn tíì, wọ́n gbìn ín sílẹ̀ bàbá ọkọ mi ní Kisii. Òun ló rán ọkọ mi nílé ìwé. Wọ́n ṣì ń já a. Tí mo bá lọ kí wọn, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ewé mẹ́rin ni mò ń já.

Mo ka ìtàn Ìyá Ìbejì fún wọn lórí fóònù lánàá, ọkọ mi ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn kò yà wọ́n lẹ́nu. Ibi tí màmá yẹn ti ní àìríṣẹ́ṣe ń pa òun ni wọ́n ti dá wa dúró, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò wá bá wa já ewé? Apẹ̀rẹ̀ kò wọ́n." Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní kí n bi yín: ọkọ rẹ̀, ṣé ó wà lára àwọn tó ń yọ nínú ìwọ̀n fún omi? Ẹ dá wọn lóhùn o, wọ́n ń retí.

Ìyá Ìbejì, Dundee

Ẹ bá mi kí wọn púpọ̀, kí ẹ sì kí bọ̀dá tí iná jó. Ọkọ màmá kọ́ ló ń dúró nídìí òṣùwọ̀n, àmọ́ òun ló ń fọwọ́ sí ìwé karani lálẹ́. Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní ó máa ń fọwọ́ sí i nígbà tó bá ń jẹun, kò kà á.