CalculiX ní irin mi ò tẹ̀ rárá. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń jó irin. Ìyá kan tó ń yan gàrí ní kí n ṣe férémù tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ fún òun. Jáàkì tọ́ọ̀nù 10 á jókòó lórí àpò, á máa ti irin ìdábùú òkè. Èyí tí mo ṣe fún ẹnìkan léṣìí tẹ̀ bí ọrun, mo sì dá owó olówó padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ti ọ̀tẹ̀ yìí sínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, kí n tó gé nǹkan kan: channel (irin tó rí bíi lẹ́tà C) méjì tó kọ ẹ̀yìn síra, 100 x 50 x 5 mm, òpó sí òpó jẹ́ 600 mm.

FreeCAD ní òun ò rí ccx, ìyẹn CalculiX tó ń ṣírò bí irin á ṣe tẹ̀. Mo ṣí terminal, mo tẹ `ccx -i idabu.inp`, ó ní kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo yọ .inp kúrò ló tó dá mi lóhùn. Ibi tó tẹ̀ jù: 0.0000009 mm! Inú mi dùn ná, kí n tó rántí ti èṣí. Ẹ gbọ́, mo fọwọ́ kan ìdí *ELASTIC, ibi tí wọ́n ń kọ bí irin ṣe le tó (E), nínú fáìlì yẹn o. 210000 ló wà níbẹ̀, ó kéré lójú mi, mo bá kọ 210e9 bó ṣe wà nínú ìwé.

Ọmọ Adó
Ẹ̀gbọ́n, 210000 yẹn ló tọ̀nà 😂. CalculiX ò mọ ìyàtọ̀ láàárín mítà àti mm, iye tí ẹ bá kọ ló máa lò. mm àti Newton ni FreeCAD fi ń kọ fáìlì, torí náà MPa (mílíọ̀nù Pascal) ni E gbọ́dọ̀ jẹ́. Pascal ni 210e9. Ẹ ti fi ìlọ́po mílíọ̀nù kan sọ irin yín di líle.
Ti ccx: Edit, Preferences, FEM, CalculiX, ẹ júwe ibi tó wà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Linux, `which ccx` á sọ ọ́.

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́
Mo ti dá a padà. 0.9 mm. Ẹ ṣé gan-an, mo ń lọ gé irin.

Tíṣà Ọ̀yẹ́
Má tíì gé e, ọmọ mi. Mo fi bírò ṣe é: PL³/48EI, P (ẹrù jáàkì) 98,000 N, L (òpó sí òpó) 600 mm, I (bí ìrísí irin ṣe ń kọ títẹ̀) ti méjèèjì 2.87 mílíọ̀nù mm⁴, ó fún mi ní 0.73 mm. Shear (yíyọ̀ tí irin ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀) ló fa ìyókù, torí irin náà kúrú. Ìyẹn dáa. Stress (agbára tó ń fún irin nínú) ńkọ́? E tí o ṣì kọ ò lè yí ìyẹn padà, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, o ò kàn wò ó ni. Lọ́wọ́ mi, 256 MPa. Mild steel ọjà, bó bá ti ń sún mọ́ 250, kò ní padà sípò mọ́.

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́
Háà. Mo ṣí àwòrán stress tí wọ́n ń pè ní von Mises, àárín pupa fòò, ó lé ní 250. Channel kan náà ni mo fi ṣe ti èṣí o!

Tíṣà Ọ̀yẹ́
Wo 150 x 75 x 6. Stress rẹ̀ fún mi ní nǹkan bí 92 MPa.

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé, bàbá. Lọ́la mo máa lọ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á l'Ádó. Ẹ bá mi bẹ ìyá onígàrí, owó tí mo pè fún wọn ò lè ra ìyẹn.