Ọmọ mi ni mo ní kí wọ́n tọ́jú, wọ́n ní kí èmi náà jókòó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí. Mo ti ń ka ìrírí yín láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ fún ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, ìyẹn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tó ń yẹ èrò àti ìṣe ẹni wò, irú èyí tí wọ́n ń ṣe tìdílétìdílé. Mo rò pé n ó kàn máa jókòó síta dè é ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú méjì ni wọ́n fún wa, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún èmi àti bàbá rẹ̀. Tí oníkálukú bá ti bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, gbogbo wa á wá pàdé. Ọ̀sẹ̀ 12 la fi ṣe é. Mo padà kà á pé bí ètò SAFETY tí Joan Asarnow àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe rí náà nìyẹn.

Òògùn inú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Níbo ló wà? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi ti tì gbogbo rẹ̀ mọ́nú àpótí. Ojú tì mí, àfi bí ẹni ń pe ọmọ ẹni lólè. Olùtọ́jú wá ṣàlàyé pé ìgbà tí èrò yẹn máa ń gbóná jù kì í sábà pẹ́. Tí ohun tó léwu bá ti jìnnà sí ọmọ, ó lè rí àyè là á kọjá.

Ọmọ mi tún ya tẹmọ́mítà sórí ìwé, láti 0 dé 10. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń gbóná tó ló ń fi wọ̀n. Níwájú 4, ó kọ "mo ń ge èékánná jẹ." Níwájú 6, "mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni." Níwájú 8, "Mọ́mì ti ń wàásù." Mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ tèmi wá di pé tó bá ti dé 6, kí n pa ẹnu mọ́, kí n jókòó tì í, kí n kàn béèrè pé, "Ó ti di mélòó báyìí?"

Wọ́n tún ní kí n kọ ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo kọ ọ́: "Ó ń fojú di mí." Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn, kí n kọ èyí tó takò ó. Èyí tó takò ó kún ojú ewé.

Mo máa ń bẹ̀rù pé tí mo bá dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, n ó ta á lólobó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Gbangba ni mo ń bi í báyìí: "Ṣé o ń ronú láti para rẹ?" Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ewu lọ́wọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí.

*

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ìdílé tiwa náà gba irú ìtọ́jú yìí, èmi sì ni ọmọ nínú ìtàn tiwa. Ní ìparí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, oníkálukú máa ń dúpẹ́ ohun kan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan ni: "O ṣé tí o jí mi lóru àná." Ẹ̀yìn fóònù mi ni mo fi í sí. Ó ṣì wà níbẹ̀.