NGF ènìyàn tí a ṣe nínú bakitéríà: ìgbà wo ni kí n pò ó, báwo ni mo sì ṣe lè tọ́jú rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Takié:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé kan lè mú kí sẹ́ẹ̀lì eku tí à ń pè ní PC12 yọ ẹ̀ka bí ti iṣan ìmọ̀lára, NGF ti ènìyàn, ìyẹn puròtéènì tó ń jẹ́ kí iṣan hù, sì ni a ó máa fi wé e. Ìgò kékeré kan tó ní máíkírógíráàmù 20 ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, owó gọbọi ni a sì san lé e. Nígbà tí mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, n kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀, àfi bíi pé òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìwé tó bá a wá tún sọ pé kílódáltọ̀nù (ohun tí a fi ń wọn puròtéènì) 26 ni ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya puròtéènì sọ́tọ̀ nípa ìwọ̀n wọn, tó wà nínú ìwé kan náà, fi ìlà kan ṣoṣo hàn ní nǹkan bí 13. Èyí tó wá ń kọ mí lóminú jù ni pé wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ sí ìwọ̀n 20 sábẹ́ òdo, kí a má sì jẹ́ kí ó máa yọ́ kí ó tún máa dì, bẹ́ẹ̀ iná tiwa níhìn-ín lè lọ láàárọ̀ kí ó má dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Sẹ́ẹ̀lì wa kò tíì dé. Ṣé kí n ti pò ó, kí n sì pín in sílẹ̀?

BàbáLáàbù:
Àbúrò mi, o kú làálàá. Má ṣí ìgò yẹn títí sẹ́ẹ̀lì rẹ yóò fi dé, tí wọn yóò sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àwo. Wọ́n mú puròtéènì náà dì, wọ́n sì fa omi ara rẹ̀ jáde títí ó fi gbẹ. Ipò yẹn ni ara rẹ̀ ti le jù, òun náà ni kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́ lọ́nà. Láti ìgbà tí omi bá ti kàn án ni yóò ti máa dín kù, tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ara ike.

Ìgò rẹ kì í ṣe òfìfo. Máíkírógíráàmù 20 kò tó ìwọ̀n hóró iyọ̀ kan, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí. Nítorí náà, kí o tó ṣí i, fi í sínú sẹ́ntífúùjì fún ìṣẹ́jú kan kí gbogbo rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, nítorí ẹni tó bá kánjú ṣí i lè da puròtéènì nù pẹ̀lú ìdérí.

Ní ti 26 àti 13, méjèèjì tọ̀nà. Okùn méjì tó jọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 120 amino acid, ló so pọ̀ di NGF, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìdè sọ́fọ̀ (sulfur) so mọ́ ara wọn, ọṣẹ SDS inú jẹ́ẹ̀lì sì máa ń tú wọn ká. Inú okùn kọ̀ọ̀kan ni ìdè sọ́fọ̀ mẹ́ta wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá fi apilẹ̀ àbùdá ènìyàn sínú bakitéríà E. coli, bakitéríà náà yóò ṣe okùn náà lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n kì í sábà mọ bí a ṣe ń di ìdè wọ̀nyẹn, gbogbo rẹ̀ á sì dì gbàgìdì. Àwọn tó ń ṣe é á wá tú ìdì náà, wọ́n á sì ká puròtéènì náà padà díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì lè fi hàn pé ó mọ́, kò lè sọ bóyá ó ká dáadáa. Wo ibi tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì sí. Èmi ka èyí sí ju 95% tí wọ́n máa ń fi polówó mímọ́ rẹ̀ lọ.

Má sì bẹ̀rù pé ti ènìyàn ni puròtéènì, ti eku sì ni PC12. NGF ènìyàn àti ti eku jọra tó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí itọ́ ti ń sun lára akọ eku ni Stanley Cohen ti rí i lọ́pọ̀ yanturu, òun àti Rita Levi-Montalcini sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní 1986.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ pò ó, fi máíkírólítà 200 PBS, omi oníyọ̀ tí a fi ń po puròtéènì, tí kò ní kòkòrò sí i, kí BSA (puròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 0.1% wà nínú rẹ̀ kí NGF má baà lẹ̀ mọ́ ike. Má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì; fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí o sì rọra yí i. Pín in ní máíkírólítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Máíkírógíráàmù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tó mílílítà 20 oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì bí o bá ń lo nánógíráàmù 50 fún mílílítà kan. Èyí tó bá ti yọ́, má dá a padà sínú fírísà.

ỌmọÀkẹ̀sán:
Ọ̀yọ́ ni èmi wà, ìyà iná kan náà ló ń jẹ wá. Ẹ má fi í sínú fíríìjì tó máa ń yọ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ńṣe ni irú rẹ̀ máa ń móoru díẹ̀ lóòrèkóòrè. Fírísà onídùbúlẹ̀ ló dára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń to piọ́ wọ́tà dídì yí àpótí ká, ṣùgbọ́n òdo gan-an ni yìnyín omi lásán ti ń yọ́, bẹ́ẹ̀ omi inú túùbù yín ti yọ́ kí ó tó dé òdo. Ẹ po nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, kí ẹ mú un dì sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi ká àpótí náà mọ́. Títí yóò fi yọ́ tán, kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gòkè ju nǹkan bí ìwọ̀n 6 sábẹ́ òdo lọ.

ÌyáÀbẹ̀ní:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ ọkọ mi kú tìpìrì. Bí puròtéènì yìí bá ń jẹ́ kí iṣan hù, ṣé a kò lè gún un fún wọn ni?

BàbáLáàbù:
Ẹ̀yin ìyá wa, Ọlọ́run yóò fún bàbá ní àlàáfíà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún irú èyí fún wọn. Ti yàrá ìwádìí nìkan ni. Wọn kò ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn, ìdọ̀tí ara bakitéríà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sì lè fa ibà líle. Àwọn oníṣègùn ti dán NGF tí wọ́n ṣe fún ènìyàn wò lára àwọn alátọ̀gbẹ 1,019, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000: kò ṣe wọ́n ní àǹfààní tí a retí, ojú abẹ́rẹ́ sì ń dùn wọ́n. Ojú ni ó ti wúlò, nítorí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀kán ojú tí a fi ṣe ní 2018 fún ẹyinjú tí iṣan ìmọ̀lára iwájú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́, nítorí egbò tí kò dùn wọ́n ló léwu jù.

Akẹ́kọ̀ọ́Takié:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìgò náà yóò wà ní pípadé. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n fi díẹ̀ sáré lórí jẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí mo bá pò ó. Ṣé BSA kò ní dí mi lọ́wọ́?

BàbáLáàbù:
Yóò dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá fi BSA 0.1% sí i, yóò tó ìlọ́po mẹ́wàá NGF, ìlà rẹ̀ ní nǹkan bí 66 yóò sì gba gbogbo ojú jẹ́ẹ̀lì. Fi máíkírólítà 100 PBS tí kò ní BSA pò ó ná, bu máíkírólítà márùn-ún sọ́tọ̀ fún jẹ́ẹ̀lì, kí o wá fi máíkírólítà 95 PBS tó ní BSA 0.2% kún ìyókù. Lo túùbù tí puròtéènì kì í lẹ̀ mọ́, sì ṣe é kíákíá. Nínú àwo sẹ́ẹ̀lì, má gbàgbé ihò tí kò ní NGF tí kò sì ní omi ewé, nítorí PC12 mìíràn a máa yọ ẹ̀ka díẹ̀ fúnra rẹ̀.