Mo kúrú, ẹ̀yìn sì ń dùn mí: irú ọkọ̀ wo ni kí n rà?

Aládìrẹ Apata

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 1 ni mo ga, ọmọ ọdún 47 ni mí. Àdìrẹ ni mò ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wakọ̀ láti Apata n'Ìbàdàn níbí lọ kó ọjà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ọjọ́ náà ni mo sì máa ń padà. Golf 3 tó jẹ́ mánúà ni mò ń wà, ọdún kẹsàn-án rèé.

Kí ẹsẹ̀ mi tó lè tẹ klọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, àfi kí n fa síìtì wá síwájú títí tí kò ní lè lọ mọ́. Bí mo bá fà á bẹ́ẹ̀, sítíárìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí láyà. Bí mo bá sì tì í sẹ́yìn díẹ̀, ńṣe ni màá máa sún ìdí wá síwájú, ẹ̀yìn mi ò ní kan àga mọ́. Orí ìrọ̀rí ni mo máa ń jókòó kí n tó lè rí ọ̀nà. Kí n tó dé Bákàtàrí, ìbàdí á ti máa ro mí. Tí n bá fi máa dé Odéda, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí itan òsì, á máa ta mí bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù nínú búùtù, n kò sì lè nàró mọ́. Ọmọ mi ló fà mí wọlé.

Ọkọ mi ti ní kí n ta Golf yìí. A ti rí mílíọ̀nù 7 náírà kó jọ. Àwọn kan ní kí n ra jíìpù torí pé ó ga, àwọn kan ní Corolla kò ní í já mi kulẹ̀. N kò fẹ́ fi owó tí mo fi òógùn kó jọ ra ìrora mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá mi. Olúwa á wò yín sàn. Èmi rò pé jẹ̀dí-jẹ̀dí ni. Ẹ dín nǹkan dídùn kù, ẹ wá àgbo jẹ̀dí gidi mu. Èmi náà jìyà rẹ̀ rí.

Bọ̀ọ̀dá Fisio

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Fisiotẹ́rápì ni iṣẹ́ mi, mo sì máa ń rí awakọ̀ tó ní irú ìrora yìí dáadáa. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n bí ìrora bá ti ìbàdí sọ̀ sí itan ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ̀dí-jẹ̀dí kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ rò. Iṣan gbọọrọ kan wà tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà tí iṣan náà gbà ni ìrora máa ń tọ̀. Mà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ní Ìbàdàn yìí, ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní UCH.

Bí ẹ bá sì rí i pé àárín itan àti ojú ara yín kú tipiri, tàbí ẹ kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ mọ́, tàbí ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe sùn ọjọ́ kan lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn yín, ẹsẹ̀ òsì kan náà ló ń tẹ klọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ìdí yín ń yí sápá kan. Ọkọ̀ ọtomátíìkì, tí kò ní klọ́ọ̀ṣì, ni kí ẹ rà, ohunkóhun tó wù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ohun kejì ni gígùn ibi tí itan yín máa ń sinmi lé. Ẹni tó kúrú, àga ọkọ̀ sábà máa ń gùn jù fún un. Etí rẹ̀ á wá máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn orúnkún. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìdí yín máa sún síwájú. Bí ẹ bá jókòó tí ìdí yín kan ẹ̀yìn àga pátápátá, ó yẹ kí ìka 2 tàbí 3 lè wọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún yín.

Ẹ yọ ìrọ̀rí yẹn kúrò. Ó rọ̀ jù. Bí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, ó lè yọ̀ lábẹ́ yín, kí bẹ́líìtì sì fò láti ìbàdí wá sí ikùn.

Kọ́lá Onímọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi Fisio ti sọ òótọ́. Èmi tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àwọn èèyàn á kàn máa dárúkọ ọkọ̀, Corolla ni àbí Camry ni, wọn kò ní í bèèrè ọdún. Corolla Amẹ́ríkà ti 2003 sí 2008, sítíárìn rẹ̀ kàn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀ ni. Láti ti 2009 ló ti ń wọlé, tó sì ń jáde. Ẹni tó ga lè má kà á sí. Fún yín, mà, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí bí ẹ bá fa síìtì síwájú kí ẹsẹ̀ yín lè dé búréèkì, ẹ ó lè ti sítíárìn wọlé kí ó kúrò láyà yín. Honda Civic ti 2006 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sùn sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ìbàdí ń ro á kẹ́dùn kí ó tó jáde nínú rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé síìtì awakọ̀ ń lọ sókè. Ẹ wo ọwọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fà á níwọ̀n ìgbà mélòó kan kí ẹ rí i pé ó ń gbé e lóòótọ́. Èmi ti rí tòkunbọ̀ tí ọwọ́ yẹn wà níbẹ̀, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

Ti jíìpù, n kò ní kí ẹ má rà á. Ẹ dúró ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Bí ojú síìtì bá bá ìdí yín dọ́gba, ẹ ó kàn jókòó wọlé ni. Bí ó bá ga ju ìyẹn lọ, gígùn ni ẹ ó máa gùn ún bí ẹni gun àkàbà, ẹ̀yìn kò sì fẹ́ ìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí, níbí, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, sọ pé ó kéré tán kí íńṣì 10 wà láàárín eegun àyà awakọ̀ àti àárín sítíárìn, nítorí ẹ́báàgì, àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn tó ń wú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ó ń tú jáde pẹ̀lú agbára ni. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ó lè ṣe é léṣe. Ẹ mú tépù dání bí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀.

Wọ́n tún ń ta irin tí wọ́n máa ń so mọ́ búréèkì àti àsìlérétọ̀ kí ó lè gùn dé ẹsẹ̀. Mo lè fi ránṣẹ́.

Kọ́lá Onímọ́tò

Bọ̀ọ̀dá Houston, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ẹni tó mọ̀ ọ́n so dáadáa ni ó gbọ́dọ̀ so ó. Bí irin yẹn bá yẹ̀ lórí búréèkì lọ́nà Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn nìyẹn. Ìgbà tí síìtì bá kọ̀ ni kí a tó dé ibẹ̀.

Aládìrẹ Apata

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yọ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n n kò wá rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Kí ni kí n ṣe títí ọkọ̀ á fi dé?

Adéwùmí Kékeré

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 11 ni èmi, mo sì ń wakọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ lọ bá àwọn tó ń rán síìtì. Kí wọ́n ṣí abẹ́ síìtì yín, kí wọ́n ki fóòmù líle sí i. Fóòmù tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ tí kò wọlé púpọ̀ ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju iwájú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ẹ dì í pẹ̀lú rọ́bà, ẹ gbé e sí ibi kòtò ìbàdí, níbi tí ẹ máa ń so ìró mọ́. Kì í ṣe àárín ẹ̀yìn o. Èmi kọ́kọ́ gbé tèmi sókè jù, ńṣe ló tún dá kún ìrora náà.

Dẹ̀rẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn

Ìyá, ẹ kú ìrora. Nígbà tí ẹ̀yìn ń pa èmi, mo ti fẹ́ ta ọkọ̀ mi. Mẹkáníìkì kan ló ní kí n tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n sì fi í sílẹ̀. Ó fò sókè-sílẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta. Ṣọ́kì ti kú, gbogbo kòtò ọ̀nà ló wá ń bọ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yẹn kò dára, ẹ wo ṣọ́kì ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ má sì jẹ́ kí fọkanáísà fẹ́ táyà yín kọjá ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tó le jù máa ń ju èèyàn.

Bọ̀ọ̀dá Fisio

Mà, ohun kan ni mo gbàgbé, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Ẹ ní ẹ bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù bí ẹ ṣe délé. Ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lẹ́yìn tí ó ti jókòó pẹ́ ni kò yẹ kí ó gbé nǹkan rárá. Ẹ rìn káàkiri fún ìṣẹ́jú mélòó kan ná. Ẹ tún máa dúró ní Bákàtàrí, níbi tí èrò wà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ na ara. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀, ìdí ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ẹrù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí alábàárù gbé e sí búùtù ní Ìtòkú, kí ọmọ gbé e jáde nílé. Ẹ jọ̀wọ́, mà.

Aládìrẹ Apata

Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní iṣan ni lóòótọ́, wọ́n sì ti ń kọ́ mi ní eré ìdárayá kan tí mò ń ṣe lórí ẹní láàárọ̀.

Lánàá, èmi àti ọkọ mi lọ wo ọkọ̀ mẹ́ta. Jíìpù àkọ́kọ́, ojú síìtì rẹ̀ dé mi ní ìbàdí. Ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ sókè ni ìrora sọ. A fi í sílẹ̀. Corolla 2006 kan wà tó mọ́ tónítóní, ọkọ mi ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo fa síìtì dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ búréèkì wọlé tán, mo mú tépù tí mo fi ń wọn àdìrẹ jáde, ọkọ mi sì dì í mú láyà mi. Íńṣì 8 ni. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀kẹta ni Corolla 2010, ọtomátíìkì. A ti sítíárìn wọlé, a gbé síìtì sókè, ó di íńṣì 11, mo sì rí ọ̀nà láìsí ohunkóhun lábẹ́ ìdí. Mo jókòó sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọlọ́kọ̀ sì fara balẹ̀ fún wa. Itan mi kò ta mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni mẹkáníìkì wa á lọ wo ṣọ́kì àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká tó sanwó. Ohun kan ló kù. Ìka 2 péré ló wọ ẹ̀yìn orúnkún mi. Ṣé ó tó?

Bọ̀ọ̀dá Fisio

Ó tó, mà. Ṣùgbọ́n bàtà wo ni ẹ wọ̀ lánàá? Bí ẹ bá padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí Ìtòkú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.