“Ìpamọ́” kò tó orúkọ fún backup

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Fún ẹni tí àbá yín kò tíì dé etí rẹ̀: ẹ ní kí á máa pe backup, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí a ń ṣe nítorí ọjọ́ tí ojúlówó bá bàjẹ́, ní “ìpamọ́”, kí á pe restore, ìyẹn fífi ẹ̀dà náà gba dátà padà, ní “ìdápadà”. Ẹ̀dà tó ń kó kìkì ohun tó yí padà láti ìgbà tí a ti ṣe ẹ̀dà kẹ́yìn, ẹ pè é ní “ẹ̀dà àlékún”. Èyí tó ń kó gbogbo ohun tó yí padà láti orí ẹ̀dà ńlá ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pè é ní “ẹ̀dà ìyàtọ̀”. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ó yẹ kí á ní ọ̀rọ̀ tiwa. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pèsè dátà fún gbogbo òṣìṣẹ́, láti Òkè-Mosàn dé Panṣẹ́kẹ́ nílùú Abẹ́òkúta, ń bi ara wọn pé “ṣé o ti bákọ́ọ̀pù ẹ̀?”, tí ìdáhùn kò sì ju “mo ti ṣe é” lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ dá yìí, bí a ṣe ń ṣe nǹkan náà ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tí sáfà bá kú ni a máa mọ̀ bóyá nǹkan náà wúlò, ọjọ́ yẹn ló sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wo “pa mọ́”. Owó tí ìyá àgbà pa mọ́ sábẹ́ àpótí, owó náà gan-an ló wà níbẹ̀, kò sí òmíràn níta. Tí ẹnìkan bá kó fáìlì ọdún tó kọjá sórí dísìkì àfikún, tó wá pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè gbòòrò, ó ti pa wọ́n mọ́ lóòótọ́. Kò tíì ní backup kankan, nítorí ọ̀kan ṣoṣo náà ni fáìlì yẹn ṣì jẹ́, ibi tó wà nìkan ló yí padà. Ẹ jẹ́ kí á fi “ìpamọ́” sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn dátà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn mọ́ tí òfin ṣì ní kí á tọ́jú. Ó bá a mu gan-an.

Ohun mìíràn tún ni pé ìpamọ́ kò ṣeé kà. Òfin tí gbogbo oníṣẹ́ yìí mọ̀ ni 3-2-1: kí dátà wà ní ẹ̀dà 3, ojúlówó tí a ń lò lójoojúmọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ̀dà wọ̀nyí wà lórí oríṣi ohun èlò 2, bíi dísìkì àti téèpù, kí ó kéré tán 1 wà níta ilé náà pátápátá. “Ẹ̀dà mẹ́ta” yọ́ lẹ́nu. “Ìpamọ́ mẹ́ta” kò jọ ohun tí Yorùbá kan máa sọ. Àbá tèmi ni ẹ̀dà ìmúbọ̀sípò. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, “ẹ̀dà” ni yóò kù, “ṣe ẹ̀dà rẹ̀” ni a ó sì máa sọ. Ìwé ìròyìn náà gùn ju “pépà” lọ. 1859 ni àjíhìnrere Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde nílùú Abẹ́òkúta yìí, iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ sọ, ọmọdé sì ń pè é títí di òní.

Ìdí tí mo fi ní “ìmúbọ̀sípò” tí mi ò ní “ìdápadà” ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ń to eegun kì í sọ pé òun dá eegun padà. Ó ní òun mú un bọ̀ sípò. Eegun lè padà sínú ẹran kó má bọ̀ sípò, aláìsàn á wá máa tiro. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dátà. Ẹ gbé dátábéèsì SQL Server, ètò Microsoft tó ń to dátà sínú tábìlì, láti orí sáfà tó kú sórí tuntun. Iṣẹ́ á parí, ojú kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé ó yọrí, gbogbo tábìlì á pé, síbẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ kan tó máa lè wọlé. Ohun tó fà á ni pé orúkọ ìwọlé wà nínú dátábéèsì mìíràn tó ń jẹ́ master lórí sáfà àtijọ́. Ẹni tó ń lo dátábéèsì yín ni a fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ so mọ́ orúkọ ìwọlé yẹn. Lórí sáfà tuntun, nọ́ńbà náà kò ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ máa dá orúkọ ìwọlé sílẹ̀, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣẹ ALTER USER … WITH LOGIN. Àwọn iṣẹ́ alẹ́ tó ń sáré fúnra wọn, inú dátábéèsì kẹta tó ń jẹ́ msdb ni wọ́n wà. Ẹni tí kò ṣe ẹ̀dà master àti msdb, ọwọ́ ni yóò fi tún gbogbo wọn kọ. Dátà ti padà, kò tíì bọ̀ sípò. Tí orúkọ iṣẹ́ náà bá jẹ́ “ìdápadà”, ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú sáfà á ti lọ sùn.

Ó wá kan “àlékún” àti “ìyàtọ̀”. Ibí ni orúkọ ti lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ, nítorí àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń ṣe wọ́n. Ká ní ẹ ń ṣe ẹ̀dà ńlá ní gbogbo Sátidé, ó jẹ́ gígábáìtì 800, dátà tuntun gígábáìtì 20 sì ń wọlé lójúmọ́. Tí ẹ bá ń ṣe àlékún láti Sọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, gígábáìtì 20 ni ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 100. Tí ó bá jẹ́ ìyàtọ̀, 20, 40, 60, 80, 100 ni yóò máa lọ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ 300. Ó jọ pé àlékún ló dára, àbí? Ẹ jẹ́ kí sáfà kú lálẹ́ Tọ́sìdeè, kí fáìlì ti Wẹ́sìdeè sì ti bàjẹ́. Pẹ̀lú àlékún, ẹ máa to Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdeè, ibẹ̀ lẹ máa dúró sí. Ti Tọ́sìdeè wà lọ́wọ́ yín, pípé ni, kò wúlò fún ohunkóhun, torí orí Wẹ́sìdeè ló dúró sí. Pẹ̀lú ìyàtọ̀, Sátidé àti Tọ́sìdeè nìkan ti tó. Wẹ́sìdeè ìbá jóná kò kàn yín.

Ọ̀rọ̀ “àlékún” kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Àlékún dùn létí, bí èrè. Mo dábàá ẹ̀dà asokọ́ra: ọ̀kan so kọ́ èkejì, tí ọ̀kan bá já, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já. Fún èkejì, ẹ̀dà àtìpìlẹ̀, kí ẹ̀dà ńlá jẹ́ ẹ̀dà ìpìlẹ̀. Àbúrò wa kan ti sọ “ẹ̀dà àtàná” fún asokọ́ra. Ó dùn mọ́ mi, ó rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe tiwọn ní wákàtí wákàtí, “àná” kò sì bá ìyẹn lọ.

Àǹfààní “àtìpìlẹ̀” tún ni pé ó ń fa ìbéèrè yọ fúnra rẹ̀: ìpìlẹ̀ wo? Ìbéèrè yìí ló ń yanjú àṣìṣe kan tó ti da orí ọ̀pọ̀ rú. Ní SQL Server, tí ẹnìkan bá ṣe ẹ̀dà ńlá mìíràn lọ́jọ́ Túsìdeè, bóyá kó lè fi dátà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dán ètò wò, tí kò sì fi COPY_ONLY, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà dá dúró, sí i, ẹ̀dà Túsìdeè náà ti di ìpìlẹ̀ tuntun. Àtìpìlẹ̀ ti Tọ́sìdeè kò mọ Sátidé mọ́. Ẹ fẹ́ fi lé Sátidé lórí, ó kọ̀, ó yọ àṣìṣe 3136, pé dátábéèsì kò sí ní ipò tó yẹ kó wà ṣáájú. Àwọn èèyàn á rò pé fáìlì ti bàjẹ́, wọn á máa wá dísìkì kiri. Fáìlì kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wá ẹni tó ṣe ẹ̀dà ní Túsìdeè kí ẹ bi í pé ibo ló gbé e sí. “Ẹ̀dà ìyàtọ̀” kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí.

Àwọn àṣẹ inú ètò náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí i pé Yorùbá lè ṣe kedere ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tí ẹ bá ń to ẹ̀dà lé ara wọn, ẹ máa kọ WITH NORECOVERY sí gbogbo wọn àfi èyí tó kẹ́yìn, tó máa gba WITH RECOVERY. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dẹ́rù bani: ta ló fẹ́ kọ pé kí nǹkan òun má sàn? Nítorí náà, ẹni tí kò tíì mọwọ́ rẹ̀ á yọ ọ́ kúrò. Dátábéèsì á ṣí lẹ́yìn ẹ̀dà ìpìlẹ̀, kò sì ní gba ìkankan mọ́. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀, gígábáìtì 800 látòkèdélẹ̀. Tí a bá ń kọ́ni ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á pe NORECOVERY ní “ó kù”, kí RECOVERY jẹ́ “ó tán”. Ìpìlẹ̀, ó kù. Àtìpìlẹ̀, ó kù. Log àkọ́kọ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ìyípadà inú dátábéèsì, ó kù. Log ìkẹyìn, ó tán. Log yìí, mo fẹ́ràn “àkọsílẹ̀ ìṣísẹ̀”, nítorí ó dà bíi káàdì alájọ: ilà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti wà lẹ́sẹẹsẹ. Tí ẹ bá fo ọ̀kan, àṣìṣe 4305 ni yóò yọ, pé èyí tí ẹ mú wá ti jìnnà jù, ọ̀kan wà ṣáájú rẹ̀ tí ẹ kò tíì fi sí i.

Snapshot, ìyẹn bí dísìkì ṣe rí ní ìṣẹ́jú kan pàtó, ẹ má pè é ní “àwòrán”. Òjìji ni. Àwọn Windows fúnra wọn ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní VSS. Òjìji kì í kúrò lára ẹni tó ni ín: orí dísìkì kan náà ló wà, bí dísìkì bá kú, òjìji kú. Àwọn ọ̀daràn tó ń ti fáìlì mọ́ èèyàn kí wọ́n tó gbowó sì mọ̀ ọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni kí wọ́n fi àṣẹ vssadmin delete shadows pa òjìji rẹ́. Òjìji di ẹ̀dà lọ́jọ́ tí ẹ bá kó o lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ rárá, ẹ tẹ vssadmin list writers. Gbogbo ètò tó bá jáde ní láti wà ní Stable pẹ̀lú No error. Èyí tó bá ti kùnà, ẹ tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísìkì méjì tó ń kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan, tí à ń pè ní RAID 1: dísìkì ìbejì ni, kì í ṣe ẹ̀dà. Ó ń gbà yín lọ́wọ́ dísìkì tó kú. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ bá ṣèèṣì pa rẹ́, lára àwọn méjèèjì ló ti parẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Verify ni mo fẹ́ kí á là sí méjì. Gẹ̀ẹ́sì da nǹkan méjì pọ̀ síbẹ̀. RESTORE VERIFYONLY ń wò ó bóyá ẹ̀dà pé, bóyá ó ṣeé kà. Kò yẹ bí a ṣe to inú dátà wò. “Ìyẹ̀wò” nìyẹn. Kí ẹ mú un bọ̀ sípò lórí sáfà mìíràn, kí ẹ sáré DBCC CHECKDB, àṣẹ tó ń yẹ inú dátábéèsì wò, kí ẹni tó ń lo ètò náà wọlé kó wá ìwé owó ọjọ́ kan pàtó, “ìdánwò” nìyẹn. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn tó ń kọ ètò, ṣèèṣì pa dátábéèsì wọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. PostgreSQL ni ètò dátábéèsì wọn, pg_dump sì ni irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà pg_dump wọn kò sí: pg_dump ti 9.2 ni wọ́n ń lò fún PostgreSQL 9.6, ó ń kùnà lójoojúmọ́, àwọn ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì ń wọlé. Òjìji kan tó ti wà lórí ẹ̀rọ mìíràn ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ló yọ wọ́n. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn ṣòfò. Ẹnikẹ́ni ìbá béèrè pé “ṣé ìpamọ́ wà?”, bẹ́ẹ̀ ni ni wọn ìbá dáhùn. Ìbéèrè tó yẹ ni “ìgbà wo lẹ dán an wò?”

Pg_dump yìí rán mi létí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ nílùú Abẹ́òkúta. Aláàdìrẹ lè tọ́jú aṣọ, ó sì lè tọ́jú páànù tí ó gé ọnà sí. Pg_dump ni páànù: àṣẹ tí a ó fi tún dátábéèsì kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè wọ PostgreSQL tó tuntun ju ti àtijọ́ lọ. Pg_basebackup, irinṣẹ́ tó ń da fáìlì dátábéèsì náà kọ bó ṣe wà, ni aṣọ fúnra rẹ̀. Orí ẹ̀yà ńlá kan náà nìkan ló lè jókòó sí, 14 kò gba ti 13. Ẹ̀dà páànù, ẹ̀dà aṣọ. Níta Ẹ̀gbá, ó lè má yé wọn kíákíá. Mo ṣì rò pé ó tọ́.

RPO, ìyẹn iye iṣẹ́ tí a lè gbà kó ṣòfò, àti RTO, ìyẹn iye àkókò tí a lè fi dúró kí ètò tó padà, kò le: “ìwọ̀n àdánù” ni èkíní, “ìwọ̀n ìdúró” ni èkejì. Ẹ̀dà alẹ́ nìkan túmọ̀ sí pé ẹ gbà láti pàdánù iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ìdúró, ẹ fi ìṣirò ṣe é: térábáìtì 2 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ọjọ́ 9 àti wákàtí 6 ni, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Láti orí dísìkì tó wà nínú ilé, lórí okùn gígábíìtì 1, nǹkan bíi wákàtí 4 àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ohun tí a ó kọ sára dísìkì lè rí báyìí: “Àtìpìlẹ̀ Tọ́sìdeè. Ìpìlẹ̀ rẹ̀: Sátidé. A yẹ̀ ẹ́ wò: Furaidé. A dán an wò: …” Àyè ìkẹyìn yẹn, kí á fi sílẹ̀ lófìfo títí ẹnìkan yóò fi mú un bọ̀ sípò ní tòótọ́.